Ọ̀rọ̀ Ni Oògùn Rẹ̀: Èdè Yorùbá àti Ìtọ́jú Ọkàn Ọmọdé nínú Ètò Ìlera Ìjọba ní Sabon Gari, Kánò

1. Ìfáàrà

Láàrin àwọn iṣẹ́ ìwòsàn tí ìjọba lè pèsè fún ará ìlú, ọ̀kan wà tí kò lo abẹ́rẹ́, tí kò lo oògùn oníhóró, tí kò sì lo ọ̀bẹ. Ọ̀rọ̀, eré, àwòrán àti ìtàn ni irinṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ náà ni a ó máa pè ní ìtọ́jú ọkàn ọmọdé nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ohun tí a ní lọ́kàn ni pé kí ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà jókòó ti ọmọ tí ẹ̀rù tàbí ìbànújẹ́ ń bá fínra, kí ó tẹ́tí sí i, kí ó bá a ṣeré, kí ó sì dúró tì í títí ohun tí kò ṣeé sọ yóò fi di sísọ. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti kọ púpọ̀ lórí rẹ̀. Ohun tí ó mú kí ó kan àwa tí a ń kọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá ni pé, bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ oògùn, a jẹ́ pé èdè ni igbá tí a ó fi bù ú fún aláìsàn.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń gbé ní Sabon Gari ní ìlú Kánò, pàápàá jù lọ ní agbègbè Airport Road, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìdí méjì ni a fi yàn wọ́n. Èkíní, láti ìran dé ìran, ojú àwọn ọmọ àdúgbò yìí ti rí ohun tí ó tó dá ọgbẹ́ sí ọkàn. Èkejì, èdè tí wọ́n ń gbọ́ nílé kì í sábà jẹ́ èdè tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yóò fi bi wọ́n ní ìbéèrè ní ilé ìwòsàn. Èrò tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ètò ìlera ìjọba kò tí ì pèsè ìtọ́jú ọkàn fún ọmọ kan bí kò bá pèsè rẹ̀ ní èdè tí ọmọ náà fi ń ké nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Bí èyí bá sì rí bẹ́ẹ̀, apá kan nínú iṣẹ́ náà já lé àwa onímọ̀ èdè léjìká.

2. Bí Ìtọ́jú Ọkàn Ọmọdé Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Kì í ṣe òní ni ọmọ aráyé ti mọ̀ pé ọkàn ọmọdé lè ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí a ń kọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ní 1909, Sigmund Freud tẹ ìtàn ọmọkùnrin kékeré kan jáde, ẹni tí ẹ̀rù ẹṣin ń bà. Bàbá ọmọ náà gan-an ni ó ń bá a sọ̀rọ̀. Freud kàn ń tọ́ bàbá sọ́nà ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Melanie Klein ṣàkíyèsí pé ọmọdé kò lè jókòó kí ó máa rojọ́ bí àgbàlagbà. Ó kó àwọn ohun ìṣeré wẹ́wẹ́ síwájú ọmọ, ó sì ń ka eré náà bí ẹni ka ìwé.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ìlú. Láàrin 1941 sí 1945, lásìkò tí bọ́ǹbù ń bọ́ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Anna Freud àti Dorothy Burlingham ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní Hampstead. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n rí i pé ariwo bọ́ǹbù nìkan kì í ba ọkàn ọmọ kékeré jẹ́ tó kí a yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ ìyá, tí ọkàn ìyá náà sì balẹ̀ díẹ̀, a máa fara da púpọ̀ nínú ìpayà ogun. A ó padà sórí kókó yìí nígbà tí a bá dé Kánò.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, 1948, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ètò ìlera tí aláìsàn kì í sanwó fún sílẹ̀. Ọdún kan náà ni Tavistock Clinic ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn olùtọ́jú ọkàn ọmọdé ní iṣẹ́. John Bowlby ni ó pe Esther Bick láti darí ẹ̀kọ́ náà. Ní 1949, àwọn oníṣẹ́ náà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Báyìí ni iṣẹ́ tí ó ti jẹ́ ti ọmọ olówó ṣe di ohun tí ọmọ òṣìṣẹ́ náà lè rí gbà.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ọmọ a máa wá ní ọjọ́ kan náà àti àkókò kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, sí yàrá kan náà, níbi tí yóò ti bá àwọn ohun ìṣeré tí ó fi sílẹ̀. Ìdúróṣinṣin yìí gan-an jẹ́ ara oògùn náà, nítorí pé ọmọ tí ayé rẹ̀ ti dojú rú nílò ibi kan tí kì í yí padà. Olùtọ́jú kì í bá a wí, kì í sì í kánjú. Ohun tí ọmọ bá sọ, àṣírí ni, àfi bí ewu bá wà níbẹ̀. A sì ń rí àwọn òbí lọ́tọ̀, nítorí pé àìsàn ọkàn ọmọ kì í sábà jẹ́ ti ọmọ nìkan.

3. Ohun tí Ojú Àwọn Ọmọ Sabon Gari Ti Rí

Ìbáṣepọ̀ Yorùbá pẹ̀lú Kánò ti pẹ́ ju ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ; àdúgbò Ayagi nínú ìlú àtijọ́ jẹ́ ẹ̀rí èyí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé Kánò ní 1911 ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, akọ̀wé, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ láti ìhà gúúsù ya wọ ìlú náà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn lẹ́yìn odi, wọ́n sì pe ilẹ̀ náà ní Sabon Gari, ìyẹn 'ìlú tuntun' ní èdè Hausa. Orúkọ àwọn òpópó rẹ̀ ń sọ ibi tí àwọn olùgbé rẹ̀ ti wá: Yoruba Road, Enugu Road, Gold Coast. Airport Road ni ó gba ibẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú Mallam Aminu Kano, èyí tí a ṣí ní 1936.

Ohun tí àwọn ará àdúgbò yìí ti fojú rí kò kéré. Ní oṣù Karùn-ún, 1953, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Sabon Gari lórí ọ̀rọ̀ òmìnira Nàìjíríà; ìròyìn ìjọba sọ pé ènìyàn 36 ni ó kú. Ní 1966, wọ́n pa ọ̀pọ̀ Ìgbò, àwọn tí ó ṣẹ́kù sì sá lọ. Ní oṣù Kẹwàá, 1991, rògbòdìyàn ẹ̀sìn tún gba ẹ̀mí. Ní oṣù Keje, 1999, Yorùbá àti Hausa kọlu ara wọn ní Ṣágámù. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ ó ti dé Kánò, àwọn Yorùbá ni wọ́n sì dojú kọ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, 2002, ọkọ̀ òfurufú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra láti Kánò sí Èkó já lulẹ̀ sí àdúgbò Gwammaja, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 140, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ àti àwọn tí ó bá nílẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, 2013, bọ́ǹbù dún ní ibùdókọ̀ àwọn bọ́ọ̀sì ńlá ní New Road, níbi tí àwọn tí ó ń lọ sí gúúsù ti ń wọkọ̀. Ó lé ní 20 ènìyàn tí ó kú. Ní oṣù Keje ọdún náà, bọ́ǹbù tún dún ní Sabon Gari. Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún, 2014, òmíràn dún ní Gold Coast.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún, 2022, nǹkan bú gbàù ní Aba Road, nítòsí ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé kan, ó sì pa ènìyàn mẹ́sàn-án. Àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ kéde pé gáàsì ni, pé kì í ṣe bọ́ǹbù. Ṣùgbọ́n kí ìkéde tó jáde ni ìdágìrì ti mú gbogbo àdúgbò. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Òwe yìí ṣàlàyé bí ọgbẹ́ ọkàn ti rí ju ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn lọ: ara ń rántí ohun tí ojú ti rí, kò sì dúró kí làákàyè ṣèdájọ́ bóyá ejò ni tàbí ekòló.

Ọ̀nà tí àwọn òbí sábà máa ń gbà dáàbò bo ọmọ lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí ni pé kí wọ́n rán an lọ sílé, sí Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà tàbí Ìjẹ̀bú, lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ìfẹ́ ni ó ń mú wọn ṣe é, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Bí a bá rántí ohun tí wọ́n rí ní Hampstead, a ó mọ̀ pé ìyapa náà lè di ọgbẹ́ kejì. Ọmọ tí kò mọ ìdí tí wọ́n fi lé e kúrò nílé lè rò pé òun ni ó ṣẹ̀.

4. Ohun tí Ètò Ìlera Ìjọba Pèsè

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo àìsàn ọkàn àti ọpọlọ ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó pé ọmọ ọdún 14, àti pé nínú ọmọ méje tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 10 sí 19, ọ̀kan ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, àwọn dókítà àrùn ọpọlọ kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ fún ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 200. Díẹ̀ nínú wọn ni ó kọ́ ti ọmọdé ní pàtó.

A kò lè sọ pé ilẹ̀ ṣófo pátápátá. Ní Arò, ní Abẹ́òkúta, T. Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ní 1954 sí fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé lọ́dọ̀ àwọn ará ilé wọn, ó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Yábàá ní ẹ̀ka ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Òṣòdì. Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní ìtọ́jú ọkàn àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olayinka Omigbodun sì wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Ní Kánò, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ wà ní Dawanau lẹ́yìn ìlú, ẹ̀ka ìṣègùn ọpọlọ sì wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ Aminu Kano ní Zaria Road. Ní oṣù Kìíní, 2023, Ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, èyí tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ ti 1958 tí ó ń pe àwọn aláìsàn wọ̀nyí ní wèrè.

Àwọn nǹkan méjì ṣì dínà. Èkíní ni orúkọ. Ní Èkó, bí a bá fẹ́ bú ènìyàn, a ó ní Yábàá ni ó yẹ é. Ní Abẹ́òkúta, a ó ní Arò. Ní Kánò, Dawanau ni. Òbí tí ó mọ̀ pé wọ́n lè fi orúkọ ilé ìwòsàn bú ọmọ òun títí ayé kò ní mú un lọ síbẹ̀ nítorí pé ó ń tọ̀ sílé tàbí pé kò sùn lóru.

Èkejì ni ìgbẹ́kẹ̀lé. Ní 1996, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yírunyírun, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn àrùn àkóràn ní Kánò. Ọmọ 200 ni ó wà nínú ìdánwò náà, àwọn 100 sì ni wọ́n fún ní Trovan. Ẹ̀sùn àwọn òbí ni pé wọn kò ṣàlàyé fún àwọn bí ó ti yẹ. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn gba àṣẹ wọn lẹ́nu. Ní 2009, wọ́n bá ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò parí ẹjọ́ náà ní mílíọ̀nù 75 dọ́là. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀, a ó rí i pé lórí àlàyé ni àríyànjiyàn náà dá: kí ni wọ́n sọ, ní èdè wo, ta ni ó gbọ́ ọ, kí ni ó sì yé e? Kò yani lẹ́nu pé nígbà tí ó di 2003, Kánò dá abẹ́rẹ́ àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró títí wọ 2004. Ètò ìlera tí ó bá fẹ́ kí ìyá fi ọkàn ọmọ rẹ̀ lé òun lọ́wọ́ ní láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tí yóò yé ìyá náà.

5. Ìṣòro Èdè

5.1 Ibùgbé ìmọ̀lára

Ní èdè Yorùbá, ara ni ìmọ̀lára ń gbé. Inú a máa dùn, inú a máa bàjẹ́, inú a sì máa bí ni. Àyà a máa já, ọkàn a máa pòrúurùu, orí a máa wú, ara a máa bù máṣọ. Nítorí náà, bí ọmọ bá ní 'inú ń run mí' ní òwúrọ̀ gbogbo ọjọ́ tí ó bá fẹ́ gba ibùdókọ̀ kọjá lọ sílé ìwé, ó lè jẹ́ pé aràn ni. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rù ni, nítorí pé inú kan náà ni oúnjẹ àti ìbànújẹ́ jọ ń wọ̀. Ògbufọ̀ tí ó bá yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, tí ó mú ikùn tí ó fi ìmọ̀lára sílẹ̀, ti gé ọ̀rọ̀ ọmọ náà sí méjì. Èdè Hausa kò jìnnà sí tiwa níhìn-ín: 'baƙin ciki', ìyẹn inú dúdú, ni wọ́n ń pe ìbànújẹ́. Nọ́ọ̀sì tí ó gbọ́ Hausa lè tipa bẹ́ẹ̀ sún mọ́ ọmọ Yorùbá ju ẹni tí ó di Gẹ̀ẹ́sì mú lọ.

Irú àkíyèsí yìí kì í ṣe tuntun nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Ní 1987, dókítà Makanjuola kọ̀wé lórí ọdẹ orí, àìsàn tí Yorùbá ń ṣàpèjúwe bí ohun tí ń rìn nínú orí, ó sì fi hàn pé ẹni tí kò bá mọ orúkọ náà kò ní mọ bí yóò ti bá aláìsàn sọ ọ́. Ti àgbàlagbà ni ìyẹn. Ti ọmọdé ṣì ń retí ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀.

A sì tún ní láti ya àwọn ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀rù sábà máa ń ní ohun tí ó fà á: ẹ̀rù ejò, ẹ̀rù òkùnkùn. Ìpayà a máa dé lójijì. Àníyàn ń wo ọ̀la. Ìfòyà a máa wà láìsí pé a rí ohun tí ó fà á. Ìdágìrì jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìwé ìbéèrè ilé ìwòsàn bá fi 'ẹ̀rù' nìkan dípò gbogbo wọn, ọmọ tí ìfòyà ń bá jà yóò ní rárá, kò sí ohun tí ń ba òun lẹ́rù. Òótọ́ ni yóò sì sọ.

5.2 Ọ̀wọ̀ nínú ìbánisọ̀rọ̀

Ọmọ tí a kọ́ dáadáa kì í tẹjú mọ́ àgbà. Ó ń kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, ó ń lo 'ẹ', kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ tí ó lè dà bí ẹni pé ó ń fẹjọ́ òbí rẹ̀ sùn. Olùtọ́jú tí kò mọ àṣà yìí lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà ń sá fún ojú ènìyàn, kí ó sì kà á sí àmì àìsàn. Bákan náà, ìbéèrè bí 'Kí ló dé tí o ń sunkún?' a máa dún bí ìbáwí létí ọmọ Yorùbá. 'Kí ni ojú rẹ rí?' ń ṣílẹ̀kùn tí tàkọ́kọ́ ń tì.

5.3 Àdàpè

Yorùbá kì í sábà sọ fún ọmọdé pé ìyá tàbí bàbá rẹ̀ kú. A máa ń dà á pè: 'Ó rin ìrìnàjò.' Ẹ jẹ́ kí á fojú inú wo ọmọ ọdún márùn-ún kan tí ó ń gbé ní Airport Road. A kò tọ́ka sí ẹnì kan pàtó. Ní àdúgbò yìí, ìrìnàjò kì í ṣe àfiwé. Ojoojúmọ́ ni ọmọ náà ń rí àwọn tí ó di ẹrù, tí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ òfurufú, tí wọ́n sì padà dé pẹ̀lú búrẹ́dì. Bí wọ́n bá sọ fún un pé bàbá rẹ̀ rin ìrìnàjò, yóò máa retí rẹ̀. Yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bí ọdún bá sì yí po, ohun méjì ni ó lè rò: pé bàbá kò fẹ́ràn òun mọ́, tàbí pé ẹnikẹ́ni tí ó bá rin ìrìnàjò kì í padà. Ní ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bá gbé báàgì láti lọ sí Ìbàdàn, ọmọ náà yóò figbe ta, wọn yóò sì ní ìwà burúkú ni ó ń hù. Àdàpè tí a fi ṣàánú rẹ̀ ti di ẹ̀wọ̀n fún un. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè mọ̀ pé inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni àìsàn náà sá pamọ́ sí.

5.4 Ògbufọ̀

Nígbà tí olùtọ́jú kò bá gbọ́ èdè ọmọ, ẹni tí ó bá wà nítòsí ni wọ́n máa ń pè: ẹ̀gbọ́n, aládùúgbò, tàbí òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn mìíràn. Àwọn wọ̀nyí kì í sọ gbogbo ohun tí wọ́n gbọ́. Wọn a máa tún un ṣe kí ojú má baà ti ẹbí. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù pàápàá, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí ní Peckham, ọmọ tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju ìyá rẹ̀ lọ lè di ògbufọ̀ fún ìyá náà lórí àìsàn ọmọ fúnra rẹ̀. Ẹrù yìí wúwo ju orí ọmọdé lọ.

Ó yẹ kí á fi ohun kan kún un. Kì í ṣe gbogbo ọmọ Yorùbá Sabon Gari ni Yorùbá wà lẹ́nu wọn jù. Ọmọ kan lè fi Gẹ̀ẹ́sì ka ìwé, kí ó fi Hausa ra ẹ̀pà, kí ìyá rẹ̀ sì fi Yorùbá bá a wí. Nítorí náà, a kò sọ pé kí a fi Yorùbá ti ọmọ lọ́rùn. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ọmọ rí ààyè yan èyí tí ó bá fẹ́, kí ó sì lè ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ṣe àtúnṣe fún un.

6. Ohun tí Àṣà Wa Ní Nílẹ̀

Àlọ́ àpagbè jọ ohun tí Melanie Klein ń fi ohun ìṣeré ṣe ní ọ̀nà kan pàtó. Bí a bá bi ọmọ léèrè nípa ara rẹ̀, yóò dákẹ́. Bí a bá bi í léèrè ohun tí Ìjàpá ṣe nígbà tí ilé rẹ̀ jóná, yóò sọ̀rọ̀, nítorí pé ti Ìjàpá kì í ṣe tirẹ̀. Ègbè tí gbogbo ọmọ jọ ń gbè kì í jẹ́ kí ẹ̀rù dá ẹnì kan wà. Eré bojúbojú náà ní ìlò tirẹ̀: ẹni tí ó sá pamọ́ yóò di rírí. Ọmọ tí ó ti pàdánù ènìyàn lè ṣe eré yìí léraléra, kí ó fi kọ́ ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí ó sá pamọ́ àti ẹni tí kò ní padà mọ́. Oríkì pẹ̀lú ní agbára. Nígbà tí ìyá bá pe ọmọ tí ó ta jí lóru ní Àjàní tàbí Àdùkẹ́, ó ń dá a padà sí ipò rẹ̀ láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn kò ní ààyè fún oríkì. Ó yẹ kí ó ní.

Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Bí a ti ń pa àlọ́ nílé ìwé, a máa ń fi ẹ̀kọ́ kádìí rẹ̀: ìtàn yìí kọ́ wa pé kí á má ṣe ojúkòkòrò. Bí olùtọ́jú bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti di ẹnu ọmọ. Nínú ìtọ́jú, ọmọ ni yóò parí ìtàn, bí ó bá tilẹ̀ parí rẹ̀ ní ọ̀nà tí kò bá wa lára mu. Bákan náà, ọmọ tí ń ké lóru ni àwọn kan yóò pè ní àbíkú tàbí ẹlẹ́gbẹ́. A kò sọ pé kí olùtọ́jú bá ẹbí jiyàn lórí èyí. Àpẹẹrẹ Lambo ní Arò fi hàn pé ènìyàn lè bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ ẹbí kí ó sì tún ṣe ìtọ́jú tirẹ̀. Ohun tí kò dára ni pé kí orúkọ náà di àmì tí wọn yóò fi máa lu ọmọ.

7. Iṣẹ́ tí ó Kàn Wá

Ní Hàráré, ní orílẹ̀-èdè Sìmbábúwè, dókítà Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní 2006, níbi tí àwọn ìyá àgbà tí a kọ́ ní iṣẹ́ ti ń jókòó lórí bẹ́ńṣì ní àgbàlá ilé ìwòsàn ìjọba, tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ ọkàn àwọn ènìyàn. Orúkọ tí wọ́n lò kò ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Ọ̀rọ̀ èdè Shona ni, kufungisisa, ìyẹn àrònújù. Nígbà tí ó di 2016, ìwádìí tí a tẹ̀ jáde fi hàn pé àwọn tí ó jókòó lórí bẹ́ńṣì náà sàn ju àwọn tí a tọ́jú bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Àgbàlagbà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kan ọmọdé: láti inú èdè ni orúkọ àìsàn ti gbọ́dọ̀ wá.

Ní ilẹ̀ wa, a ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí ní ẹ̀ka mìíràn. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti èkejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ lónìí. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Babs Fáfúnwá darí láti 1970, fi hàn pé ọmọ tí a fi èdè abínibí kọ́ kì í rẹ̀yìn. Bí èdè abínibí bá lè kọ́ ọmọ ní ìṣirò, kò sí ìdí tí kò fi lè gbà á lọ́wọ́ ìfòyà.

A dá àbá mẹ́rin. Èkíní, kí àwọn ẹ̀ka èdè àti àwọn oníṣègùn jọ ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ fún ìtọ́jú ọkàn ọmọdé, kí wọ́n sì dán ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò lẹ́nu àwọn ìyá àti àwọn ọmọ kí ó tó wọ ìwé. 'Ìsoríkọ́' ti gbilẹ̀ láàrin àwọn oníròyìn, ṣùgbọ́n a kò tí ì mọ bí ó ti ń dún létí ọmọ ọdún mẹ́jọ. Èkejì, kí a dá ẹ̀kọ́ ògbufọ̀ ilé ìwòsàn sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, kí wọ́n kọ́ bí a ti ń pa àṣírí mọ́ àti bí a ti ń sọ gbogbo ohun tí a gbọ́. Ẹ̀kẹta, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá kókó fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lọ sí Sabon Gari, Jọ́ọ̀sì, Kàdúná àti irú ibẹ̀, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣàpèjúwe ẹ̀rù sílẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ òbí àti láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹrin, kí ìtọ́jú náà kọ́kọ́ wà ní ilé ìwé àti ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò, níbi tí kò sí orúkọ tí wọn yóò fi bú ọmọ.

Àbá yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ní Ṣágámù, ní Ìbàdàn àti ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, Sábó wà, níbi tí àwọn ọmọ Hausa ń gbé gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ wa ti ń gbé Sabon Gari. Ọmọ Hausa tí ojú rẹ̀ rí ti Ṣágámù ní 1999 ní ẹ̀tọ́ sí olùtọ́jú tí yóò gbọ́ 'tsoro' gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá Kánò ti ní ẹ̀tọ́ sí ẹni tí yóò gbọ́ 'ìfòyà'. Ohun tí a bá béèrè ní Kánò, a gbọ́dọ̀ lè fi fún ẹlòmíràn nílé.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìtọ́jú ọkàn ọmọdé jẹ́ iṣẹ́ ìwòsàn tí ọ̀rọ̀ jẹ́ oògùn rẹ̀. Pé àwọn ọmọ Sabon Gari nílò rẹ̀ nítorí ohun tí ojú wọn àti ojú àwọn òbí wọn ti rí. Pé ètò ìlera ìjọba ti ní ìpìlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ burúkú, àìgbẹ́kẹ̀lé àti àìgbọ́ra-ẹni-yé ń dí i lọ́wọ́. A sì ti fi àwọn ọ̀rọ̀ bí inú, ìfòyà àti ìrìnàjò ṣe àpẹẹrẹ ibi tí ọmọ lè sọnù sí láàrin èdè méjì. Yorùbá ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àgbàlagbà lè yàn láti dákẹ́ tàbí láti sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀: bí kò bá sí ẹni tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ níbi ìtọ́jú, a ti dákẹ́ fún un. Ìjọba ni yóò kọ́ yàrá, tí yóò sì san owó oṣù olùtọ́jú. Ọ̀rọ̀ tí wọn yóò sọ nínú yàrá náà, ọ̀dọ̀ wa ni wọn yóò ti béèrè rẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n bá a nílẹ̀.